Ọkọ Tàbí Ọkọ̀: Ohun Tí Ẹnu Mi Pè Lójú Ewé Fèrèsé

Yàrá Kejìlá, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìn-ín-ní,
Ọgbà Yunifásítì.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta.

Àǹtí mi àtàtà, àbúrò ìyá mi kan ṣoṣo,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo gbójú gbóyà kọ̀wé sí yín. Mo mọ̀ pé ẹ ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń bọ̀ nínú ìwé, kó lọ ra ìwé. Mo gbọ́ ọ nígbà náà, mo sì tún ń gbọ́ ọ ní etí mi báyìí bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Mo tún mọ̀ pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì kò ní ẹnu tó fi yẹ kó máa dá iṣẹ́ yín lẹ́jọ́, iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe kí n tó mọ ìwé kà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ti fà á ya, mo tún bẹ̀rẹ̀. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí gbogbo yàrá yóò gbọ́. Bí ẹ bá rí ibi tí yíǹkì ti ta sílẹ̀, ẹ fojú fò ó.

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọrùn tó ń dùn yín nítorí bí ẹ ṣe máa ń tẹrí ba sórí tábìlì ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Ṣé ẹ ti ń lo dígí tí dókítà fún yín, àbí inú àpò rẹ̀ ló ṣì wà? Ọkọ yín ńkọ́? Ẹ wò ó, mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ, n kò fi àmì ohùn kankan sórí rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mọ́tò yín ni mò ń kí. Ọmọ kékeré tó ń fi gègé yín ya ara ògiri ńkọ́? Mo nírètí pé gbogbo yín ń ṣe dáadáa. Èmi náà wà láàyè. Mò ń jẹun, mo sì ń sùn díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ẹgbẹ́ kékeré kan wà níbí tí wọ́n ń ka ìwé aláwòrán, ti àwọn akọni tó ń fò lójú ọ̀run àti ti ẹ̀rù. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́yìn láàbù ni a máa ń lò lọ́jọ́ Ẹtì, yàrá tí àga ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni a máa ń rí rà, nítorí náà ẹnì kan yóò máa kà á sókè, àwọn yòókù yóò pagbo yí i ká láti wo àwòrán, lẹ́yìn náà a óò máa yá a lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ti bi mí rí pé kí ni mo rò. Nínú kíláàsì, a pọ̀ débi pé "ìwọ aláṣọ búlúù" ni olùkọ́ wa ń pè mí, ó sì pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọ pupa.

Ẹni tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà ni Alága. Ọdún kẹta ló wà, ohùn rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn, kò sì sí àtẹ̀jáde kankan tí kò tíì kà. Èèyàn dáadáa ni. Ó kàn jẹ́ pé kò fẹ́ràn kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rí ohun tí òun kò rí. Òun àti gbogbo wọn, kò sí ẹni tó mọ̀ pé àbúrò ìyá mi ló ń fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ sínú àwọn róbótó funfun tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu àwọn èèyàn inú ìwé wọ̀nyẹn. N kò sọ fún wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n gba èrò mi nítorí pé ó dára, kì í ṣe nítorí ẹbí. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà mí, kí wọ́n má baà ní kí n wá bi yín ní nǹkan. Mo sì ti wá ń bi yín báyìí. Ẹ wo ayé mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti AGBARA, nítorí ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Mo ti ka èyí tó jáde lóṣù tó kọjá àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àǹtí, kí ló dé tí akọni yìí ń sọ̀rọ̀ tó báyìí? Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dé, á gbé ọkọ̀ akẹ́rù kúrò lórí èèyàn, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nísinsìnyí, ó gbé odidi afárá lé èjìká, ó sì ń ṣàlàyé ìgbà èwe rẹ̀ fún àwọn tó wà lórí afárá. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, màá ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ̀ wá kalẹ̀ ná." Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú róbótó débi pé a ò rí ojú rẹ̀ mọ́, mo sì mọ̀ pé ọrùn yín ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹlẹ́nu-Irin, ọ̀tá rẹ̀, náà tún ti jí. Wọ́n ti sin ọkùnrin yìí, wọ́n ti dáná sun ún, wọ́n ti jù ú sínú òkun. Nígbà tó tún yọjú, ẹnì kan nínú wa tí à ń pè ní Apanilẹ́rìn-ín pariwo pé, "Ẹ jẹ́ kí bàbá yìí sinmi, ó ti rẹ̀ ẹ́!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi kò dùn. Nígbà tí àbúrò akọni náà kú lọ́jọ́sí, mo sunkún gidi, mo ní ata ló wọ̀ mí lójú. Kò pẹ́ tó fi padà wá, irun orí rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ọwọ́ ta ni màá ti wá gba ẹkún mi padà? Bí kò bá sí ẹni tó kú tí kì í jí mọ́, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ máa tìtorí rẹ̀ bẹ̀rù.

Síbẹ̀, ojú ewé kan wà nínú èyí tó jáde kẹ́yìn tí n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Òjò ti dá, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, akọni náà kàn jókòó sétí gọ́tà, ó ń wo omi tó ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó kó bá mi nígbà àkọ́kọ́. Gbogbo èèyàn ń pe orúkọ rẹ̀ ní Agbára. Lẹ́tà ńlá ni ẹ fi kọ ọ́ síwájú ìwé, ẹ kò fi àmì kankan sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí omi gbé ìsọ̀ ìyá rẹ̀ lọ ni okun tó ní yìí wọ inú rẹ̀. Ìgbà tí gọ́tà bá kún ni ara rẹ̀ máa ń le, lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ó máa ń fà sẹ́yìn. Ṣé kì í ṣe Àgbàrá ni orúkọ ọkùnrin yẹn? Mo sọ ọ́ lẹ́gbẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọrọ omi mu. Alága wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Àgbàrá bíi ti gọ́tà? Ṣé omi ìdọ̀tí ló fẹ́ wá gbà wá là?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi ṣubú lórí àga. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lanu láàrin wọn nìyẹn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti lọ wo bóyá mo ti ká aṣọ tí mo sá. N kò sá aṣọ kankan. Bí mo ṣe wà láti ọjọ́ Ẹtì nìyí, n kò rí ibi jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ gan-an wà lórí ILE TO N MI, ìwé ẹ̀rù nípa ilé tó ń mí bí èèyàn. Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi Màmá pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà ìsinmi, mo fi bébà bo iwájú ìwé náà, mo sì kọ àkọlé rẹ̀ sí i ní lẹ́tà ńlá bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́. Màmá rí i lórí ibùsùn mi. Nítorí pé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni mò ń kọ́, wọ́n kà á sí "Ilẹ̀ tó ń mì", wọ́n sì ké sí bàbá mi: "Ẹ wá wo ọmọ yìí o! Ìsinmi náà nìyí, kò gbé ìwé sílẹ̀!" Wọ́n ra mílíìkì fún mi. Mo mu ún. Obìnrin tó ń gbé ayálégbé mì wà lábẹ́ bébà yẹn, ó ń wò mí.

Àwọn tó jáde láìpẹ́ yìí ló dára jù nínú gbogbo ìwé ẹ̀rù tí mo ti kà. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Nǹkan kì í ṣàdédé fò jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ògiri kàn máa ń wú díẹ̀, á tún sọ̀, bí àyà ẹni tó sùn. Ayálégbé gbé fọ́tò kọ́ ògiri, kó tó jókòó, fọ́tò náà ti wọ́, ẹni tó bá yára ṣí ewé kò sì ní rí i. Ibi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni àtẹ̀jáde kẹrin, níbi tí wọ́n ti da ẹ̀jẹ̀ kún gbogbo balùwẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ti fi gbogbo nǹkan hàn mí tán, ẹ̀rù kì í bà mí mọ́, mo kàn ń rò ó pé ta ni yóò fọ balùwẹ̀ yẹn. Àmọ́ ẹ̀rù ń ba ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ìjọ nítorí àdúrà rẹ̀. Kì í lè sùn bí iwájú ìwé náà bá kọjú sí i, á yí i dojú bolẹ̀, á sì bi mí lówùúrọ̀ pé, "Ìyáàfin ojú fèrèsé ńkọ́, ọkọ rẹ̀ ti dé?"

Ẹ mọ obìnrin náà jù mí lọ. Ó máa ń dúró lójú fèrèsé òkè, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń sọ látìgbà tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀: OKO MI N BO. Ayálégbé tó bá gbọ́ ọ, nígbà tí a bá fi máa ṣí ewé, yàrá rẹ̀ ti ṣófo. Gbogbo ẹgbẹ́ gbà pé "Ọkọ mi ń bọ̀" ni. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ti kú, pé òun ló ń bọ̀ wá kó wọn lọ. Èmi náà kò jiyàn rẹ̀ rí. Bí èèyàn bá ń kà á sínú, kò ní láti yan ọ̀kan, ojú á kàn kọjá lórí rẹ̀. Ìgbà tó bá di pé kó jáde lẹ́nu ni èèyàn tó máa mọ̀ pé ó di dandan kí òun yàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó kàn mí láti kà sókè. Àtẹ̀jáde karùn-ún ni. Mo nu ọwọ́ sára aṣọ kí n má baà ba ìwé jẹ́. Mo kà á dáadáa títí mo fi dé ojú ewé fèrèsé. Mo wo obìnrin náà, mo lanu, ohun tó jáde ni, "Ọkọ̀ mi ń bọ̀."

Wọ́n gbójú kúrò lára àwòrán.

"Kí lo pè é?" Alága ló bèèrè.

"Ọkọ̀."

"Ọkọ̀ bíi mọ́tò?"

Apanilẹ́rìn-ín ti káwọ́ sẹ́nu. "Píìn-píìn! Ẹ yà lọ́nà o, ìyàwó òkú fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì!" Ẹlòmíràn ní ó lè jẹ́ ọkọ́, pé ọkọ́ obìnrin náà ló ń bọ́ kúrò lára igi, kí ẹnì kan bá a wá ìṣó. Ẹ̀rín wá bẹ́ sílẹ̀.

Ó yẹ kí n bá wọn rẹ́rìn-ín, kí n ní ẹnu mi ló ṣì. Àǹtí, n kò mọ ohun tó gùn mí. Mo ní kí wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti àtẹ̀jáde kìn-ín-ní, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, báàgì sì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Mo ní, "Ta ló ń wọ bàtà, tó ń há báàgì mọ́ra, tó wá ń dúró de ọkọ rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀?" Alága ní òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ṣé àwọn tó lọ́kọ kì í wọ mọ́tò ni. Ìyẹn dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Èyí tó máa parí ìtàn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ìwọ lo máa kà á. Wá fi mọ́tò hàn wá."

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní bí kò bá sí ọkọ̀ níbẹ̀, wọn kò ní rí mi nínú ẹgbẹ́ mọ́ láé. Kò sí ẹni tó ní kí n sọ bẹ́ẹ̀.

"Láé kẹ̀?" Alága wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀.

Mo ní, "Láé."

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti pàdé mi nídìí ẹ̀rọ omi á ní, "Ọkọ̀ rẹ ti dé o!" Wọ́n ń fun fèrè mọ́tò fún mi ní kọ́rídọ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé bí ẹgbẹ́ yẹn bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, n kò mọ ẹni tí yóò tún máa bi mí pé kí ni mo rò.

Ẹ̀yin sì mọ èyí tó jẹ́. Wọ́n máa ń fún yín ní ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ kí ẹ tó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ojú ewé tó gbẹ̀yìn wà lórí tábìlì yín báyìí. Kí ló tilẹ̀ dé tí ẹ kì í fi àmì sí i? Mo rántí pé ẹ ní ọ̀gá yín sọ pé àmì ń dí ojú àwòrán. Ojú àwòrán ló ń rò, kò ro ti ẹni tí yóò dìde kà á láàrin èrò. Nítorí náà, mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ fi àmì sí i, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan yìí. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà nìyẹn, ó sì yẹ kí n parí rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń rìn yí yàrá ká láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́, nítorí nǹkan kan wà tí n kò sọ. Bàtà àti báàgì yẹn, lẹ́yìn tí ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ ni mo rí wọn. Ẹnu mi ti pe ọkọ̀ kí n tó rí bàtà kankan.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo di báàgì mi. Mo wọ bàtà, mo lọ dúró lójú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, èyí tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ọgbà, mo ń wo bóyá ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà ilé yóò yà. Mo ti pinnu pé n kò ṣe yunifásítì mọ́. Kò sí ẹni tó nà mí, kò sí ẹni tó bú mi. Ó kàn jẹ́ pé mo ti wà níbí fún gbogbo àkókò yìí, mo sì ń rò ó pé bí mo bá lọ, àga mi nìkan ni yóò mọ̀. Ìyá Ìjọ wọlé, ó rí báàgì, ó ní, "Níbo lò ń lọ?" Mo ní mo fẹ́ lọ fọṣọ ni. Ó ní, "Ọlọ́run ló rán ẹ sí mi," ó sì kó tirẹ̀ mọ́ ọn. Bí mo ṣe fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn fọ aṣọ tèmi àti ti Ìyá Ìjọ nìyẹn, ọkọ̀ sì kọjá.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí obìnrin yẹn lójú fèrèsé, n kò rí òkú. Mo rí ẹni tó fẹ́ lọ sílé. Ó lè jẹ́ irọ́ pátápátá. Ó lè jẹ́ pé ara mi ni mo kà, tí kì í ṣe ìwé. N kò sì mọ̀ bóyá ó burú kí èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀.

Àǹtí, ẹ má dá mi lóhùn mọ́. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ ni, màá wọlé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó jí ìdáhùn ìdánwò, bí mo bá sì borí Alága, màá mọ̀ pé n kò borí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní ọkọ ni, n kò ní lọ rárá. Mo mọ ara mi, báàgì ni màá tún dì. Ẹ má sì fi àmì sí i o! Mo gba ẹ̀bẹ̀ òkè yẹn padà. Mo mọ̀ yín, àánú lè ṣe yín kí ẹ sì fi àmì kékeré kan gún orí lẹ́tà O. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lánàá, mo bá Alága lórí àkàbà níta láàbù, ó ṣí àtẹ̀jáde kejì, ó fi ojú sún mọ́ ẹsẹ̀ obìnrin náà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Nígbà tó rí mi, ó pa ìwé dé, ó ní àwọn tó yàwòrán yìí mọ bàtà yà. Ká ní àmì ti wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn látìbẹ̀rẹ̀ ni, ta ni ìbá wo bàtà?

Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Màá dìde, màá kà á bí mo ṣe rí i. Bí ọkùnrin kan bá jáde láti inú ògiri, tó di obìnrin náà mú, tó ní "Ìyàwó mi," wọn yóò fun fèrè mọ́tò fún mi títí màá fi parí ẹ̀kọ́ mi. Kí wọ́n máa fun ún. Mo ti sọ pé wọn kò ní rí mi mọ́ láé, mo sì ń gba ọ̀rọ̀ yẹn padà níwájú yín, kí n lè ní ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó bá tẹ̀ lé e, màá tún wá, màá sì wá àga jókòó. Bí Alága bá ní, "Ṣebí láé lo wí?", màá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo wí i. Màá wá bi í pé ta ló kàn láti kàwé lónìí.

Mo ti kọ ọ́ báyìí, n kò sì ní fà á ya.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín dáadáa. Ẹ bá mi fa ọmọ kékeré létí díẹ̀ nítorí ògiri, kí ẹ sì sọ fún un pé mo ní àwòrán rẹ̀ dára. Ó wù mí kí ẹ bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, pàápàá ẹni tó ń ya bàtà, àmọ́ ẹ kò lè kí wọn láìsọ pé mo kọ̀wé.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí lẹ́tà yìí. Bí ọ̀gá yín bá rí i, yóò rò pé ẹ ń tú ìtàn síta. Bí Màmá bá rí i, wọn kò ní ka ti ìwé aláwòrán rárá, ibi tí mo ti di báàgì nìkan ni wọn yóò rí, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì ní mọ́ bá wọn nílé. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ni mo kọ, ẹ sọ fún wọn pé mo kàn kí yín ni. Kì í ṣe irọ́. Mo kí yín.

Èmi ni ọmọ yín tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀, tó sì ṣì wà níbí,

Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n yín.